Bí Òǹkọ̀wé àti Oníṣẹ́ Ọnà Ṣe Lè Fìdí Kalẹ̀ ní Ìlú Kékeré tí Ilé Iṣẹ́ Rẹ̀ ti Dákẹ́ ní Èkìtì

Òǹkọ̀wé tàbí oníṣẹ́ ọnà tí ó bá fẹ́ kó kúrò ní Èkó tàbí Ìbàdàn lọ sí ìlú kékeré kan ní Èkìtì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ irú ìlú tí ó ń lọ. Ìlú tí ilé iṣẹ́ ńlá ti wà rí, tí ilé iṣẹ́ náà sì ti dákẹ́, yàtọ̀ sí ìlú tí kò ní irú rẹ̀ rí. Ilé tí àwọn òṣìṣẹ́ fi owó oṣù kọ́ ṣì dúró, àwọn àgbà tí ó mọ ẹ̀rọ tún ṣe ṣì wà láyé, àwọn ọmọ wọn ló ti tú ká lọ wá oúnjẹ òòjọ́. Àpẹẹrẹ kan ni Ìrè-Èkìtì tí a mọ̀ mọ Ògún Onírè, níbi tí ilé iṣẹ́ tí ó ń fi amọ̀ sun bíríkì ti dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Owó ilé tí kò wọ́n ni ó máa ń kọ́kọ́ fa àlejò wá sí irú ìlú bẹ́ẹ̀. Èrò tèmi ni pé owó ilé nìkan kò lè mú ènìyàn pẹ́ níbẹ̀. Ẹni tí yóò pẹ́ ni ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ nílò ìlú náà, ohun tí ó wà nínú ilẹ̀ rẹ̀ àti ohun tí ó wà lẹ́nu àwọn ará ibẹ̀.

Àwọn tí ó ṣáájú wa ti ṣe é. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n bí Ọlọ́wẹ̀ sí, ọ̀gá nínú àwọn agbẹ́gilére, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀-Èkìtì ni ó fi ṣe ibùgbé, lábẹ́ ojú Àrínjálẹ̀, ọba ìlú náà, ibẹ̀ sì ni òkìkí rẹ̀ ti kàn dé ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́. Ilẹ̀kùn tí ó gbẹ́ fún ààfin náà ni wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley nílùú Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1924, British Museum ni ó sì wà títí di òní. Láàrin 1947 sí 1954, ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, Fadá Kevin Carroll àti àwọn Àgùdà ẹgbẹ́ rẹ̀ kó agbẹ́gilére, ahunṣọ àti àwọn tí ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣọnà jọ sí ojú kan. Ibẹ̀ ni George Bándélé ti ṣiṣẹ́, tí Lámídì Fákẹ́yẹ sì kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ó so gbogbo wọn pọ̀ ni pé ẹnì kan ní ìlú gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì gbéṣẹ́ fún wọn.

Nítorí náà, ẹ má ti orí ilé gbígbà bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ sí ìlú náà nígbà òjò, kí ẹ sì tún lọ nígbà ọyẹ́, nítorí pé ilé tí ó dára lójú nínú oṣù Kejìlá lè máa jò bí òjò oṣù Kẹsàn-án bá dé. Ẹ sùn síbẹ̀. Ẹ wò bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń wọlé nínú yàrá, kì í ṣe ní ìta nìkan. Ẹ bi àwọn aládùúgbò léèrè bí iná ṣe ń wá àti ibi tí wọ́n ti ń pọn omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ẹni tí yóò mú yín dé ọ̀dọ̀ ìjòyè àdúgbò, kí ìjòyè náà mú yín dé ààfin. Bí ẹ bá ti dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ kí ọba tán, ẹ sọ iṣẹ́ yín bí ó ti rí: “Kábíyèsí, igi ni mò ń gbẹ́. Ariwo yóò máa wà ní ọ̀sán, kò ní sí ní alẹ́. Àlejò yóò máa wá wo iṣẹ́ mi láti òkèèrè, èmi ni n ó sì máa dúró fún wọn.” Ẹ béèrè ọjọ́ tí ìlú ń ṣe orò, ọ̀nà tí a kì í gbà lọ́jọ́ náà, àti ohun tí a kì í ya àwòrán rẹ̀. Ayàwòrán tí kò bá béèrè lè ba ọ̀nà jẹ́ fún gbogbo àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ilé ẹbí ni ẹ sábà máa rí, níbẹ̀ sì ni wàhálà pọ̀ sí jù. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè jẹ́ àbúrò tí kò láṣẹ láti gba owó. Ẹ̀gbọ́n tí ó wà ní Èkó lè dé nígbà Kérésì kí ó ní òun kò mọ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kí olórí ẹbí àti ọmọ ilé méjì mìíràn, ó kéré tán, fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, kí ẹ sì pe àwọn tí ó wà lókèèrè lórí fóònù kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Kí ìwé náà sọ ẹni tí yóò pààrọ̀ páànù, àti bóyá a óò yọ owó àtúnṣe kúrò nínú owó ilé. Ní Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé, tí Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2011 wà, ẹ̀yin àti akẹ́kọ̀ọ́ ni ẹ óò jọ máa du yàrá, nítorí náà ẹ wo àwọn ìlú tí ó múlé tì wọ́n.

Ní ti ilé iṣẹ́ tí ó ṣófo fúnra rẹ̀, ẹ má rò pé kò ní ẹni tó ni ín. Ó lè jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀, ó lè jẹ́ ti Odù'a Investment, àjọni àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1976, ó sì lè ti bọ́ sọ́wọ́ aládàáni. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, nítorí náà ọ̀rọ̀ ẹnu láti ààfin kò tó. Ẹ lọ wádìí ní Adó-Èkìtì, kí ẹ sì gba ìwé. Ẹ tún wo òrùlé. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ àtijọ́ ni wọ́n fi páànù asbẹ́sítọ́ọ̀sì bò, eruku rẹ̀ sì ń fa àrùn ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má fọ́ ọ, ẹ má gbá a, ẹ má sì sùn sábẹ́ èyí tí ó ti là. Ní North Adams, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Sprague Electric kógbá wọlé lọ́dún 1985; èrò àtisọ àwọn ilé náà di ibi ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1986, ọdún 1999 ni ibi ìpàtẹ náà, tí wọ́n pè ní MASS MoCA, tó ṣílẹ̀kùn, owó ìjọba ìpínlẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò ní irú owó àti sùúrù bẹ́ẹ̀, kí ó gba yàrá méjì láàrin ìlú.

Ibi tí ìlú kékeré ti sàn fún agbẹ́gilére jù ni igi. Ẹ lọ sí sọ́mílì fúnra yín, ẹ má fi rán ọmọ. Ìrókò ni a ń lò fún ilẹ̀kùn àti òpó nítorí pé ó le, ikán kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ́. Ọmọ̀ fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, òun sì ni a mọ̀ mọ ìlù. Ẹ wo ojú tí ayùn gé: bí ìlà bá ti ń là láti àárín bọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, oòrùn ti ń gbẹ igi náà yára jù. Bí ẹ bá gbé e délé, ẹ fi ọ̀dà kun ojú méjèèjì tí wọ́n gé, kí ẹ gbé e lé orí bíríkì lábẹ́ òrùlé tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Ẹ ṣe ọnà lílé (gígé igi sí ìrísí ère) àti àlétúnlé (yíyọ ẹ̀yà ara rẹ̀) nígbà tí igi ṣì tutù, kí ẹ sì fi dídán àti fínfín dúró de ìgbà tí ó bá gbẹ. Ẹ̀yin tí ń fi amọ̀ ṣiṣẹ́, kòtò amọ̀ ní ẹni tó ni ín. Ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn ìyá amọ̀kòkò. Ẹ yí amọ̀ náà ní ọwọ́ kó gùn bí ìka, kí ẹ ká a mọ́ ìka yín: bí kò bá sán, ó ṣeé mọ, lẹ́yìn náà kí ẹ sun èyí tí ó kéré wò kí ẹ tó mọ ńlá.

Ẹ̀yin òǹkọ̀wé, ohun tí ẹ wá gbà wà lẹ́nu àwọn àgbà. Níyì Ọ̀ṣúndáre, tí wọ́n bí ní Ìkẹ́rẹ́ lọ́dún 1947, kó àpáta ìlú rẹ̀ wọ inú ewì. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú ní láti jókòó gbọ́ ná. Àwọn tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ náà mọ òórùn rẹ̀, aago tí wọ́n fi ń wọlé, àti ọjọ́ tí owó oṣù kò dé mọ́. Àwọn ìyá ṣì wà tí ó lè sun alámọ̀, orin àwọn obìnrin Èkìtì. Ẹ gba àyè kí ẹ tó tẹ fóònù, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ohùn náà ṣe, ẹ san owó àkókò wọn, kí ẹ sì padà wá ka ohun tí ẹ kọ sí etígbọ̀ọ́ wọn kí ó tó jáde. Ibi tí màmá bá ti ní, “Ọmọ mi, mi ò wí báyìí,” ibẹ̀ ni kí ẹ tún kọ. Ẹ kọ ẹ̀ka èdè Èkìtì bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ẹ má tún un ṣe di ti Ọ̀yọ́. Ẹ ra sólà tí ó lè gbé kọ̀ǹpútà àti gílóòbù kan, kó tó kan ohunkóhun mìíràn nínú ilé.

Ìlú náà kọ́ ni yóò ra ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yín. Èkó, Àbújá àti íntánẹ́ẹ̀tì ni ọjà wà. Síbẹ̀, kí ẹ tó kó iṣẹ́ jáde, ẹ kọ́kọ́ pàtẹ rẹ̀ níbẹ̀, ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ tàbí ti ìlú, ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Ẹ bẹ akéde kí ó lu agogo kéde rẹ̀, ẹ fi àga iwájú sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́, kí ẹ sì kọ orúkọ igi, amọ̀ tàbí ẹni tí ìtàn ti ẹnu rẹ̀ jáde sí ara iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ní Yorùbá, ní lẹ́tà tí àgbà lè kà láìwọ gíláàsì.