Bí mo ṣe pinnu bóyá kí n fi FJR1300 àtijọ́ gba tuntun

Yamaha FJR1300 ìran kejì ló wà lọ́wọ́ mi, ìyẹn èyí tí wọ́n ṣe láti 2006 dé 2012. Èyí tí ojú mi wà lára rẹ̀ ni FJR tó jáde ní 2016, tó ní gíà mẹ́fà. Ìrìn jíjìn ni a ń fi irú alùpùpù yìí rìn, pẹ̀lú àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì àti èrò lẹ́yìn. Nítorí náà ìbéèrè mi ò ju ẹyọ kan lọ: tí mo bá ti wà lórí ìjókòó láti òwúrọ̀, èwo nínú méjèèjì ni kò ní tíì sú ara mi nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀? Ìbéèrè yẹn ni mo fi wọn gbogbo nǹkan yòókù.

Kí n tó gun tuntun rárá, àtijọ́ ni mo kọ́kọ́ tún ṣe dé ojú àmì. Bí ẹ bá ti orí alùpùpù tí táyà rẹ̀ ti jẹ, tí ọ́ìlì fọ́ọ̀kì rẹ̀ (ọ̀pá méjì tó di wíìlì iwájú mú) ti di omi, bọ́ sórí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ́jú, ẹ ó rò pé ìran tuntun lẹ ń tọ́ wò, bẹ́ẹ̀ táyà àti ọ́ìlì lẹ ń tọ́ wò. Ọ̀pọ̀ ló ń san owó alùpùpù odindi fún ohun tí táyà méjì àti ṣọ́ọ̀kì tó dára ì bá fún wọn.

Táyà ni mo fi bẹ̀rẹ̀: 120/70ZR17 níwájú, 180/55ZR17 lẹ́yìn. Ẹni tó bá ń rin títì tààrà lọ títí, àárín táyà ẹ̀yìn ló máa ń jẹ jù, táyà á wá tẹ́ pẹrẹsẹ. Tí irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ yà, á kọ́kọ́ kọ̀, lẹ́yìn náà á ṣubú sínú kọ́nà lójijì. Mo pààrọ̀ méjèèjì, mo sì fún wọn ní afẹ́fẹ́ nígbà tí wọ́n tutù, 39 psi níwájú, 42 psi lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀kì ló gba àkókò jù, òun náà ló sì mú èrè wá jù. Mo da ọ́ìlì inú fọ́ọ̀kì nù, mo fi tuntun sí i. Ẹ wọn gíga ọ́ìlì náà nígbà tí sípíríǹgì ti jáde, tí fọ́ọ̀kì sì ti wọlé tán. Bí sípíríǹgì bá ṣì wà nínú rẹ̀, á gbé ọ́ìlì sókè, ẹ ó sì dá a dúró kó tó tó; fọ́ọ̀kì á wá máa wọlé dé òpin, á máa gbá ìdí rẹ̀, nígbàkígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì gan-an.

Lẹ́yìn èyí ni mo wọn bí alùpùpù ṣe ń rẹlẹ̀ lábẹ́ ẹni tó jókòó. Ènìyàn mẹ́ta ló máa ń rọrùn fún: ọ̀kan jókòó pẹ̀lú gbogbo aṣọ ìgùn lára, ọ̀kan di alùpùpù mú, ọ̀kan mú téèpù dání. Ẹ gbé e sórí sítáǹdì àárín kí táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, kí ẹ wọ̀n láti irin tó gba àárín wíìlì kọjá dé ibi tí ẹ ti fi àmì sí lókè. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, kí ẹni náà jókòó, kí ẹ tún un wọ̀n. Ohun tó fi dín ni à ń wá, 30 sí 40 mm ló sì dára. Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn FJR ní ọ̀pá kékeré kan tó ní ipò méjì péré, rírọ̀ àti líle. Tí ẹ bá fi sí líle, tó jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ jókòó, tó sì ṣì ń rẹlẹ̀ ju 40 mm lọ, sípíríǹgì náà ti kéré sí ara yín. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí pé ọ̀pá onípò méjì yẹn náà ló wà lára FJR tuntun tí kì í ṣe oníṣọ́ọ̀kì oníná. Ẹni tó bá tìtorí ẹ̀yìn tó ń rì ra tuntun, tí kò ra èyí tó ní ṣọ́ọ̀kì oníná, ìṣòro kan náà ló máa bá níbẹ̀. Sípíríǹgì tó bá ìwúwo yín mu ló yẹ kí owó yín lọ sí.

Ẹ má gbàgbé àwọn bẹ́ríìnì tó wà nísàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn. Omi táyà ń ta sí wọn lára, gírísì inú wọn á gbẹ, ìpata á dé. Alùpùpù á wá máa ta ènìyàn sókè lórí gegele kékeré, wọ́n á sì ní ṣọ́ọ̀kì ló ti kú. Mo tú wọn, mo fọ̀ wọ́n, mo fi gírísì tuntun kún wọn, mo sì rí i pé àwọn síìlì ṣì ń dì mọ́ ara wọn dáadáa.

Èyí tó kàn ni ọwọ́ tó ń kú. Ẹ́ńjìnnì 1,298 cc yìí ní sìlíńdà mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú throttle body tirẹ̀, ìyẹn ẹnu tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Bí wọn ò bá fa afẹ́fẹ́ dọ́gba, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n lọ́nà tí ojú ò rí ṣùgbọ́n tí àtẹ́lẹwọ́ mọ̀. Mo so gééjì mẹ́rin mọ́ ọn, mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, mo jẹ́ kó máa sáré ní 1,000 sí 1,100 rpm láìfọwọ́ kan tọ́rọ́tù, mo sì yí súkúrúù afẹ́fẹ́ títí ìyàtọ̀ àárín wọn ò fi ju 10 mmHg lọ.

Yamaha ní kí a máa yẹ fáàfù wò ní gbogbo 42,000 km. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù pátápátá. Àlàfo tó yẹ kó wà jẹ́ 0.15 sí 0.22 mm fún àwọn tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé, 0.18 sí 0.25 mm fún àwọn tó ń tú èéfín síta. Ẹ má fi etí nìkan ṣàyẹ̀wò yìí o. Fáàfù tó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ṣì ní àlàfo. Èyí tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ lè jẹ́ èyí tí kò ní mọ́, tí kò lè pa dé dáadáa, tí iná á sì máa jó etí rẹ̀. Ariwo tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni ti ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì tó bá ń lu ara rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ta iná sí i láàárọ̀. Tẹ̀ǹṣọ́nà rẹ̀ ló ń kú yẹn. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kíákíá, torí tí ṣéènì bá fo eyín, písítìn á gbá fáàfù, ọ̀rọ̀ á di ti ẹ́ńjìnnì tuntun.

Ṣáàfù, ọ̀pá tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí wíìlì ẹ̀yìn, ò ní wàhálà púpọ̀: 0.20 lítà ọ́ìlì gíà sínú àpótí gíà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíìlì ẹ̀yìn, gírísì díẹ̀ sí eyín rẹ̀ nígbà tí ẹ bá yọ wíìlì kúrò, ó parí.

Ìgbà tí àtijọ́ ti dúró dáadáa ni mo tó kó nọ́ńbà méjèèjì sójú ìwé. Agbára, 105.5 kW sí 107.5 kW. Ìwúwo pẹ̀lú epo, nǹkan bíi 291 kg sí 289 kg. Táǹkì, lítà 25 ni méjèèjì. Iná tí ọtanétọ̀ ń mú wá, 590 W ni méjèèjì, nítorí náà ẹni tó ń wo aṣọ oníná kò ní rí àǹfààní kankan níbẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ara lè mọ̀.

Ohun tó yàtọ̀ gan-an pín sí méjì, ó sì dára kí ẹ mọ ọdún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dé. Ní 2013 ni tọ́rọ́tù oníná, cruise control (tó ń mú eré dúró sójú kan láìfọwọ́ kan tọ́rọ́tù) àti traction control (tí kì í jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn yọ̀) wọlé. Ní 2016 ni gíà kẹfà dé pẹ̀lú kílọ́ọ̀ṣì tó fẹ́rẹ̀ lọ́wọ́, tí kì í jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn fò nígbà tí ẹ bá já gíà sílẹ̀ lójijì. Bí ó bá jẹ́ cruise control ló ń wù yín, èyí tí wọ́n ṣe láàárín 2013 sí 2015 ti ní in, owó rẹ̀ á sì rọjú díẹ̀.

Títì kan náà ni mo fi dán méjèèjì wò: apá kan tààrà fún eré gígùn, apá kan òkè, apá kan kọ́nà tí ilẹ̀ rẹ̀ ò dán. Àṣíborí kan náà, ẹrù kan náà. Kí n tó gbéra, mo fi gééjì tèmi wọn afẹ́fẹ́ táyà èyí tí wọ́n fún mi gùn, torí pé 5 psi péré tó láti yí ìwà alùpùpù padà. Mo sì gbé ìjókòó méjèèjì sí gíga kan náà, 805 mm, nítorí ó ní 825 mm pẹ̀lú, afẹ́fẹ́ á sì máa lu orí níbi tó yàtọ̀ bí ìjókòó bá yàtọ̀.

Gíà kẹfà mú kí ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀ díẹ̀ lórí eré gígùn. Ó dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tó ní agbára yíyí 138 Nm kò fi bẹ́ẹ̀ nílò rẹ̀. Ìran kejì ń gun òkè kan náà ní gíà karùn-ún láì ráhùn. Kílọ́ọ̀ṣì fẹ́rẹ̀ lóòótọ́, àǹfààní rẹ̀ sì pọ̀ fún ẹni tó máa ń há sínú gósìlóò. Nínú kọ́nà, lẹ́yìn àtúnṣe tí mo ṣe, n kò rí ìyàtọ̀ tí mo lè tọ́ka sí.

Cruise control ló yàtọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ láti nǹkan bíi 50 km/h, ní gíà kẹta sókè. Bí mo ṣe tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, ìka ọ̀tún tú sílẹ̀ lára tọ́rọ́tù lọ́kọ̀ọ̀kan, ọrùn-ọwọ́ tó ti tẹ̀ sẹ́yìn padà sí tààrà, èjìká ọ̀tún sì sọ̀ kalẹ̀ wá bá ti òsì. Àárẹ̀ tí ìbéèrè mi dá lé, ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Mo yẹ ara èyí tí wọ́n fẹ́ tà wò náà. Yamaha ti pe àwọn FJR gíà mẹ́fà ti 2016 sí 2020 padà nítorí gíà kejì tó lè fọ́, nítorí náà ẹ fi nọ́ńbà férémù béèrè lọ́wọ́ oníṣòwò wọn bóyá wọ́n ti ṣe é. Bí ẹni tó ń tà á bá ní “kò tíì ṣe mí ní nǹkan kan,” kò tíì dáhùn. Ẹ wo kìlómítà pẹ̀lú: èyí tó bá ti rìn 40,000 km ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdí iṣẹ́ fáàfù, ẹ yọ owó iṣẹ́ náà kúrò nínú iye tí ẹ fẹ́ san.

Ìṣirò owó tí mo ṣe ní ọ̀nà mẹ́ta. Àkọ́kọ́, ìyàtọ̀ àárín iye tí wọ́n máa ra tèmi àti iye tuntun. Ìkejì, owó láti sọ tuntun di tèmi: ìjókòó, férémù àpótí ẹ̀yìn, wáyà aṣọ oníná. Ìkẹta, ohun tí àtijọ́ máa gbà nínú 40,000 km tó ń bọ̀. Owó tí ẹ ti ná sórí àtijọ́ kò gbọ́dọ̀ wọ inú ìṣirò yìí. Ẹni tó ń rà á kò ní san án fún yín.

Ibi tó jálẹ̀ sí nìyí: n kò pààrọ̀ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ lára tuntun ni cruise control, tọ́rọ́tù ìran kejì sì jẹ́ oníkéèbù, èyí tó túmọ̀ sí pé a lè so ẹ̀rọ cruise control tó ń fi agbára fífà ẹ́ńjìnnì (bí ó ṣe ń fa afẹ́fẹ́ wọlé) ṣiṣẹ́ mọ́ ọn. Ó gba ike kan tó ń tọ́jú agbára fífà náà pẹ̀lú fáàfù ọlọ́nà-kan. Tí ike yẹn bá ń jò, eré á máa wálẹ̀ lórí òkè. Ó gba wáyà láti ara sẹ́nsọ̀ eré, wáyà láti ara iná bíréèkì, àti súwíìṣì sí kílọ́ọ̀ṣì, kí ẹ́ńjìnnì má baà sáré lọ bí ẹ bá fa kílọ́ọ̀ṣì nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá ti yí iná bíréèkì padà sí LED, irú ẹ̀rọ yìí lè kọ̀ láti gbà, torí pé inú gílóòbù onírin ló ti ń rí ọ̀nà tí iná fi ń padà sí ara férémù (earth). Rílé kékeré kan á yanjú rẹ̀. Kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ yí ọwọ́ alùpùpù láti òsì dé ọ̀tún tán nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Bí rpm bá gòkè bó ti wù kó kéré mọ, kéèbù ń fà, ẹ tún ọ̀nà rẹ̀ ṣe.

Ẹni tó bá ń gun ìran kìíní, tí ọtanétọ̀ rẹ̀ jẹ́ 490 W, ìdí tó ní láti pààrọ̀ ju tèmi lọ. Ẹni tó máa ń gbé èrò nínú òjò náà, traction control nìkan tó fún un láti lọ sí 2013 sókè, torí ìyẹn kò rọrùn láti so mọ́ àtijọ́. Tó bá sì jẹ́ pé gbígbé 289 kg yípo níbi ìgbọ́kọ̀sí ló ń dá yín lágara, FJR kankan ò ní gbà yín. Ẹ wo Yamaha Tracer 9 GT ti 2021 tí kò ju 220 kg lọ, kí ẹ sì mọ̀ pé ṣéènì ló ní: fífọ̀, fífi epo sí àti fífà á le á tún wọ inú iṣẹ́ gbogbo ìrìn-àjò.