Àṣìṣe tí àwọn àgùnbánirọ̀ máa ń ṣe bí ọyẹ́ bá dá bàálù dúró lásìkò Kérésìmesì

Bí ilé ìwé bá ti fẹ́ gba ìsinmi ní oṣù Kejìlá, àwọn ọmọ wa tó ń sìnrú ìlú ní abúlé Taraba, Adamawa, Gombe àti Yobe á bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Kìlíṣí wà nínú ẹrù náà, ẹ̀pà wà níbẹ̀, tíì ilẹ̀ Mambilla náà ò gbẹ́yìn. Wọ́n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ kí owó ọkọ̀ tó gbówó lórí, wọ́n sì ti sọ fún gbogbo ilé. Ọyẹ́ nìkan ni wọn kì í rántí ṣírò mọ́ ọn. Tí eruku bá wá ti pápákọ̀ òfuurufú pa, ẹnu á máa yà wọ́n bí ẹni pé irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀, ọdọọdún ló ń ṣẹlẹ̀.

Àṣìṣe tó bí púpọ̀ nínú ìyókù ni kí èèyàn máa fi ojú kùrukùru àárọ̀ wo ọyẹ́. Àwa tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Èkó, Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́, kùrukùru tó máa ń bolẹ̀ ní ìdájí lojú wa mọ̀. Omi ni ìyẹn. Bí òòrùn bá ti ràn án, á ká kúrò nílẹ̀, bàálù tó ti pẹ́ fún wákàtí méjì mẹ́ta á sì gbéra. Eruku ni ti ọyẹ́ àríwá, òòrùn kò sì lè lé eruku lọ.

Láti ìparí oṣù Kọkànlá títí di àárín oṣù Kẹta ni ẹ̀fúùfù yìí máa ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà. Ibì kan wà ní àríwá Chad tí wọ́n ń pè ní Bodélé, adágún ńlá kan ló wà níbẹ̀ láyé àtijọ́ kó tó gbẹ. Ẹ̀fúùfù á gba àárín òkè Tibesti àti Ennedi kọjá, bí ààyè ṣe ń há mọ́ ọn ni agbára rẹ̀ ń pọ̀ sí i, á sì gbá eruku ìsàlẹ̀ adágún náà dìde. Kò sí ọ̀pọ̀ ibi láyé tí eruku ti ń dìde tó báyẹn. Ìhà àríwá ìlà-oòrùn wa ló máa ń kọ́kọ́ dé, nígbà míì láàárín ọjọ́ kan péré, kó tó máa rìn bọ̀ ní gúúsù. Tó bá ti bo ìlú, ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ bí eruku tuntun bá tún dé bá ti àkọ́kọ́.

Ẹ wá wo ẹni tó jókòó sí pápákọ̀ láti aago mẹ́fà àárọ̀, tí òòrùn ràn funfun bí òṣùpá lókè orí rẹ̀, tó ń sọ pé "á là tó bá di ọ̀sán." Ìbéèrè tó yẹ kó ti bi kó tó kúrò ní abúlé ni pé, ìgbà wo ni eruku yìí dé, ṣé òmíràn ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀? Àjọ NiMet tó ń rí sí ojú ọjọ́ máa ń kéde èyí, rédíò sì máa ń gbé e. Bí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n dárúkọ Faya-Largeau, ìlú kan ní Chad, tí wọ́n ní eruku tuntun ti ń dìde ní agbègbè ibẹ̀, ẹ mọ̀ pé ó lè dé ọ̀dọ̀ yín kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Àwọn ará abúlé náà mọ̀ ọ́n. Ẹ bi baba tó ń sin màlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yín, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹni tó bá ti mọ èyí kò ní sun abúlé mọ́jú ọjọ́ tí bàálù rẹ̀ ń lọ. Àṣìṣe yẹn wọ́pọ̀ púpọ̀: èèyàn á ní òun á gun ọ̀kadà ní aago mẹ́rin ìdájí, òun á bá mọ́tò àkọ́kọ́ ní gáréèjì, òun á sì dé pápákọ̀ ní aago mẹ́jọ. Nínú eruku wo? Láti Gembu lórí òkè Mambilla sọ̀kalẹ̀ dé Jalingo, odidi ọjọ́ ni nígbà tí ojú ọjọ́ mọ́ pàápàá, nítorí ọ̀nà náà ń yí kọ́lọkọ̀lọ lẹ́bàá òkè. Ẹ sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìlú tí pápákọ̀ wà ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Ilé NCCF wà fún àwọn onígbàgbọ́, lọ́ọ̀jì MCAN sì wà fún àwọn mùsùlùmí, wọ́n sì máa ń gba àgùnbánirọ̀ tó bá ń kọjá lọ. Àmọ́ ẹ pè wọ́n ṣáájú o, ẹ má kàn yọ sí wọn pẹ̀lú àpò Ghana-must-go mẹ́ta.

Àwọn tó tilẹ̀ ń yẹ ojú ọjọ́ wò dáadáa, ti ìlú tí wọ́n wà nìkan ni wọ́n máa ń wò. "Ojú ọ̀run mọ́ kedere ní Yola, kí ló dé tí bàálù ò tíì wá?" Bàálù náà sun Èkó tàbí Abuja mọ́jú ni. Ẹyọ kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n ń fi ná ìlú mélòó kan láàárín ọjọ́ kan. Bí kùrukùru bá dá a dúró ní Èkó ní aago méje, ìdádúró náà ni yóò máa gbé kiri láti ìlú dé ìlú, tí yóò máa gùn sí i. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ pápákọ̀ kéékèèké wa kì í ṣiṣẹ́ mọ́ bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Bàálù tó yẹ kó dé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tí kò rí ọ̀nà wá títí di aago méje, ó di ọ̀la nìyẹn.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé kí ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ìrọ̀lẹ́ ní oṣù Kejìlá, bó ti wù kó dínwó tó. Ti àárọ̀ lè pẹ́ lóòótọ́, àmọ́ odidi ọ̀sán ṣì wà níwájú rẹ̀. Ẹ má sì dúró di ọjọ́ 23 tàbí 24. Bí wọ́n bá fagi lé bàálù ọjọ́ 23, àwọn tó ti ra ti ọjọ́ 24 ti jókòó sórí àga wọn, kò sẹ́ni tó máa dìde fún yín.

Ti tíkẹ́ẹ̀tì méjì tún wà. Èèyàn á ra ti Yola sí Abuja lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kan, á ra ti Abuja sí Èkó lọ́wọ́ òmíràn nítorí pé ó fi ẹgbẹ̀rún díẹ̀ dínwó, á sì fi wákàtí méjì sí àárín wọn. Bí ti àkọ́kọ́ bá pẹ́, ìyẹn ò kan iléeṣẹ́ kejì rárá. Lójú tiwọn, ẹ kò wá ni. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ iléeṣẹ́ kan náà ló máa gbé yín délé lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ sun Abuja ní òru ọjọ́ kan.

Ẹ má bá àwọn òṣìṣẹ́ orí tábìlì jà. Awakọ̀ bàálù ní ìwọ̀n tó gbọ́dọ̀ rí lójú ọ̀nà kó tó balẹ̀, ariwo yín ò sì lè fi mítà kan kún un. Ẹ béèrè ohun tó tọ́ sí yín ní jẹ́ẹ́jẹ́: ìròyìn tó dájú, ohun jíjẹ bí ìdúró bá pẹ́, àti owó yín tàbí àyè míì bí wọ́n bá fagi lé e. Bí wọn ò bá dáhùn, ẹ wá àwọn òṣìṣẹ́ NCAA, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ìrìnnà òfuurufú, tó ń gbọ́ ẹjọ́ èrò ní pápákọ̀. Ní ti owó ìtanràn, ẹ gbàgbé ẹ̀, ojú ọjọ́ kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Ẹ má sì fi ìbínú kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó kéde pé àwọn fagi lé e, torí bí bàálù náà bá padà gbéra, owó yín lè bá a lọ.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ti ọkọ̀ alẹ́. Ara á ti gbóná, ẹnì kan á sọ pé mọ́tò kan ń lọ sí Èkó ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, àwọn márùn-ún á dáwó jọ, ó parí. Eruku tí kò jẹ́ kí awakọ̀ bàálù tó ní ẹ̀rọ lóríṣiríṣi ríran náà ni dẹ́rẹ́bà fẹ́ wọ̀ pẹ̀lú iná mọ́tò méjì, lójú ọ̀nà tí tírélà tó bàjẹ́ dúró sí láìní àmì, tí àwọn ajínigbé sì mọ̀ dáadáa. Àjọ NYSC fúnra wọn máa ń kìlọ̀ pé kí àgùnbánirọ̀ má rìn lálẹ́, pé bí aago mẹ́fà bá lù bá wọn lọ́nà, kí wọ́n yà sí lọ́ọ̀jì àgùnbánirọ̀, ọ́fíìsì NYSC tàbí bárékè sójà. Bí ẹ bá máa wọ mọ́tò, ẹ wọ̀ ọ́ ní àárọ̀, kí ẹ sì fi ọjọ́ méjì rin ìrìn náà. Kérésìmesì tí ẹ bá jẹ ní ọjọ́ 26, Kérésìmesì ni.

Àwọn kékeré tó kù: ẹ má fi oògùn sínú báàgì tí wọ́n máa gbé sí ikùn bàálù, pàápàá ẹ̀yin tí asthma ń yọ lẹ́nu, torí ọjọ́ tí eruku pọ̀ gan-an lẹ máa nílò ẹ̀. Páwà báńkì náà, ọwọ́ ló yẹ kó wà. Ẹ mú owó bébà dání, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì POS náà lè ṣe ségesège. Ẹ má sì dá aago kan pàtó fún Mọ́mì, ẹ sọ pé "bí mo bá dé Abuja, mo máa pè." Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á ti rán àbúrò yín lọ dúró ní Ìkẹjà láti ọ̀sán.

Ọyẹ́ kì í parí sí ọjọ́ kìíní ọdún. Oṣù Kìíní náà wà nínú rẹ̀, ìgbà yẹn ló sì máa ń bá àwọn tó fẹ́ padà ṣe kílíráǹsì oṣooṣù, èyí tí NYSC fi ń mọ̀ pé àgùnbánirọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́. Kí ẹ tó kúrò ní ìpínlẹ̀ tí ẹ ti ń sìn, ẹ gba ìwé àṣẹ. Bí bàálù ìpadà bá dúró, ẹ tọ́jú àtẹ̀jíṣẹ́ tí iléeṣẹ́ náà fi kéde rẹ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí LGI yín, ìyẹn òṣìṣẹ́ NYSC tó ń bójú tó yín ní ìjọba ìbílẹ̀, lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá padà dé kí ẹ tó máa ṣàlàyé.