Ẹ máa sọ ọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún un

Ẹ̀yin òbí wa, ẹni tọ́mọ ẹ̀ bá ní DLD, ìyẹn àwọn ọmọ tó ń gbọ́ràn dáadáa ṣùgbọ́n tí èdè ò tètè wọlé fún (nínú kíláàsì ọmọ 30 ó lè tó méjì o), tẹ́ ẹ bá ní "lọ gbé bàtà ẹ, kó o pa tíífí, kó o wá jẹun", ó lè jẹ́ jẹun yẹn nìkan ló máa dì mú, kì í ṣe oríkunkun. Ẹ pe orúkọ ẹ̀ kó kọ́kọ́ wò yín, ẹ sọ ẹyọ kan, ẹ fọwọ́ júwe ẹ̀, ó dìgbà tó bá ṣe é tán kẹ́ ẹ tó sọ ìkejì. Tó bá fẹ́ fèsì, ẹ rọra ka ení dé ẹ̀wá nínú ọkàn yín, ẹ má já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹ̀. Tó bá ní "dádì ọkọ̀", ẹ má ní kó tún un sọ, ẹ kàn ní "ẹ̀n-ẹ́n, dádì ti wọkọ̀ lọ!" kẹ́ ẹ máa bá eré yín lọ. "Ṣó yé ẹ?" ò wúlò jàre, bẹ́ẹ̀ ni ni wọ́n máa ń sọ. Àwọn tó ń ní kẹ́ ẹ pa Yorùbá tì, ẹ má dá wọn lóhùn, èdè méjì kọ́ ló fà á.