Bí A Ṣe Ń Béèrè Àkọsílẹ̀ Lọ́wọ́ Káńsù ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ má wulẹ̀ wá ẹni tó mọ ẹnì kan ní káńsù. Òfin Freedom of Information ti ọdún 2000, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kíkún ní oṣù kìíní ọdún 2005, ti fún yín láṣẹ láti béèrè ohun tó wà nínú ìwé wọn. FOI la ń pè é. Kò béèrè físà, kò béèrè páálí. Ẹni tó jókòó sí Ìbàdàn lè kọ̀wé sí káńsù ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ ò sì ní láti sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. (Nàìjíríà náà ní tirẹ̀ láti ọdún 2011, ọjọ́ méje péré lòfin sì fún wọn láti fèsì. Bó ṣe ń rí níbẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n.)

Orúkọ yín gangan, àdírẹ́sì tí èsì máa gbà wá, àti ohun tí ẹ ń fẹ́: òun náà nìyẹn. Ímeèlì tó. Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà ni ohun tí a ń fẹ́ yẹn.

Ilé tí mo kọ́kọ́ gbà níbí, ògiri yàrá àwọn ọmọ máa ń rin, ó sì máa ń hu dúdú lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Inú bí mi, mo kọ̀wé sí káńsù wa pé kí wọ́n kó gbogbo ìwé àti ímeèlì tó kan àwọn ilé àdúgbò wa wá. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní iṣẹ́ náà ju wákàtí 18 lọ. Òtítọ́ ni: wákàtí kan, 25 pọ́ùn lòfin kà á sí, bó bá sì ti ju 450 pọ́ùn lọ, káńsù láṣẹ láti kọ̀. Mo tún un kọ báyìí:

“Lábẹ́ òfin FOI, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ẹ̀melòó ni àwọn ayálégbé fẹjọ́ ògiri tó ń rin sùn yín ní òpópónà wa láàárín ọdún méjì sẹ́yìn? Mélòó nínú rẹ̀ ni òṣìṣẹ́ yín lọ wò?”

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún, èsì dé nínú spreadsheet kékeré kan: ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni wọ́n fẹjọ́ sùn, ilé mẹ́ta ni wọ́n lọ wò. Onílé mi rí i, ohùn rẹ̀ sì yí padà.

Ẹ kíyè sí i pé iye ni mo béèrè, mi ò ní “kí ló dé tí ẹ ò ṣe nǹkan kan?” Ohun tó ti wà lákọsílẹ̀ nìkan lòfin fún yín; wọn ò ní jókòó kọ àlàyé tuntun fún yín. Ẹ̀yin òbí náà, kí ẹ tó gba ilé nítorí ilé-ìwé kan, ẹ béèrè bí ilé ọmọ tí ilé-ìwé náà gbà kẹ́yìn lésìí ṣe jìnnà sí i tó. Káńsù mìíràn ti gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ́kọ́ wo ibẹ̀.

Fáìlì tiyín ńkọ́, bíi ti ilé tí ẹ ń dúró dè? FOI kọ́ nìyẹn o. Subject access request ni kí ẹ pè é. Ọ̀fẹ́ ni, oṣù kan ni wọ́n sì fi ń dáhùn. Wọn kì í sábà fi orúkọ aládùúgbò yín sí i.

Ogúnjọ́ iṣẹ́ lòfin fún wọn lórí FOI; Sátidé, Sọ́ńdè àti ọjọ́ ìsinmi ìjọba kò sí nínú kíkà. Tí wọ́n bá dákẹ́ tàbí tí wọ́n kọ̀, ẹ kọ̀wé pé ẹ ń fẹ́ internal review, ìyẹn ni pé kí káńsù fúnra rẹ̀ tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Bí ìyẹn náà ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fẹjọ́ sùn ní ICO, àjọ tó ń bójú tó òfin yìí, láìsan kọ́bọ̀. Wọn á béèrè ìwé tẹ́ ẹ kọ àti èsì tẹ́ ẹ gbà, nítorí náà ímeèlì àkọ́kọ́ tí káńsù fi sọ pé àwọn ti rí ìwé yín, tó ní nọ́ńbà lára, ẹ má ṣe pa á rẹ́.