Bí a ṣe ń tọpasẹ̀ mínísítà ọba nílẹ̀ Faransé

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí òṣèlú ṣe ń lọ nílẹ̀ Faransé nígbà tí ọba ṣì ń jẹ níbẹ̀, kó má bẹ̀rẹ̀ látorí orúkọ oyè. Orúkọ oyè máa ń ṣini lọ́nà. Ẹ jẹ́ ká fi Jean-Baptiste Colbert, mínísítà Ọba Louis Kẹrìnlá, kọ́ ọ, torí ipasẹ̀ tirẹ̀ hàn gbangba.

Ẹ kọ́kọ́ wá ọ̀gá rẹ̀. Ìdílé oníṣòwò ní Reims ni wọ́n bí Colbert sí ní 1619. Ó ṣiṣẹ́ lábẹ́ Le Tellier tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ogun, kó tó bọ́ sọ́dọ̀ Kádínà Mazarin, olórí mínísítà, ní 1651. Ilẹ̀ àti owó Mazarin fúnra rẹ̀ ló ń bá a ṣètò. Kò sí oyè níbẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là.

Lẹ́yìn náà, ẹ ya ipò tí wọ́n fowó rà sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ tí ọba fi ránni. Wọ́n ń ta ipò ìjọba nígbà náà bí ẹni ń ta ilé. Láti 1604, ẹni tó bá ń san ìdá kan nínú ọgọ́ta iye owó ipò rẹ̀ lọ́dọọdún lè fi í sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀; paulette ni wọ́n ń pe owó náà. Ṣùgbọ́n intendant, ìyẹn aṣojú tí ọba rán lọ sí agbègbè kan, ọjọ́ tó bá wu ọba ló máa pè é padà.

Ẹ wá wo ọjọ́ tí ọ̀gá kú. Ibí ni kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ jù lọ. Mazarin kú ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta, 1661. Louis Kẹrìnlá, ọmọ ọdún 22, ní òun ò ní yan olórí mínísítà mọ́. Fouquet, ọ̀gá àgbà ètò ìnáwó, rò pé òun ló kàn. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ, ó gba ọba lálejò ní Vaux-le-Vicomte, ilé ńlá rẹ̀, níbi àsè tí wọ́n ń ròyìn títí dòní. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé àsè yẹn ló bá a jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀: ọba àti Colbert ti ń múra sílẹ̀ dè é ṣáájú. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án, d'Artagnan, ọ̀kan lára ẹ̀ṣọ́ ọba, mú un ní Nantes. Ilé ẹjọ́ ní kó kúrò nílùú. Ọba sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n gbére, inú ẹ̀wọ̀n náà ló sì kú sí ní 1680.

Ẹ ka ẹrù tí wọ́n gbé lé èèyàn yín lórí. Ti Colbert rèé: ilé kíkọ́ ọba ní 1664, ìnáwó ní 1665, ọkọ̀ ojú omi ní 1669. Kò jẹ́ olórí mínísítà rí. Ẹ má sì fo ohun tó fi agbára náà ṣe. Òun ló wà nídìí ilé-iṣẹ́ òwò tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1664, tó rán ọkọ̀ wá sí Allada, ní Benin òní, ní 1670 láti ra ẹrú. Ó dùn mí pé àwọn tó ń yìn ín kì í sábà mẹ́nu bà á.

Níkẹyìn, ẹ wo àwọn ọmọ. Mẹ́ta nínú àwọn ọmọbìnrin Colbert fẹ́ ọmọ ìdílé ìjòyè ńlá, ọmọkùnrin rẹ̀ Seignelay sì gba iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi lẹ́yìn rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kú ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án, 1683. Òru ni wọ́n sin ín, torí ìbínú àwọn ará Paris lórí owó-orí.