Oòrùn Pọ̀ Nífẹ̀, Ṣé Awọ Ara Ń Rí I? Bí A Ṣe Ń Dènà Àìtó Fítámì D Láti Ọmọ Ọwọ́ Dé Arúgbó

Ìyá tó ń tajà lábẹ́ agboorùn ńlá ní ọjà Odò-Ògbè láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, tó wọ bùbá alápá gígùn, tó ró ìró dé kókósẹ̀, oòrùn tó ń kan awọ ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti akọ̀wé tó jókòó sí ọ́fíìsì lọ. Òógùn bò ó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ooru kọ́ ló ń fún ara ní fítámì D. Ìtànṣán kan wà nínú oòrùn tí wọ́n ń pè ní UVB. Ìgbà tó bá bà lé awọ tó ṣí sílẹ̀ ni awọ máa ń ṣe fítámì náà fúnra rẹ̀. Aṣọ ń dí i, dígí náà ń dí i. Ẹni tó yí dígí mọ́tò sókè láti Iléṣà dé Ifẹ̀, tí oòrùn sì ń jó o lápá, asán ni oòrùn yẹn já sí ní ti fítámì D.

Fítámì yìí ló ń jẹ́ kí ìfun lè fa kálísíọ̀mù látinú oúnjẹ. Bí kò bá tó, eegun ọmọdé á rọ̀, á sì tẹ̀; ti àgbà á máa dùn ún, á sì tètè máa kán.

Oòrùn wo, fún ìṣẹ́jú mélòó?

Wọ́n máa ń sọ fáwọn ìyálọ́mọ pé oòrùn aago 7 àárọ̀ ló dára jù. Oòrùn yẹn tura, kò sì lè jóni, àmọ́ UVB tó wà nínú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ̀gbẹ́ ojú ọ̀run ló ń gbà bọ̀, afẹ́fẹ́ á sì ti gbé púpọ̀ mì nínú rẹ̀ kó tó délẹ̀. Òjìji yín ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ẹ dúró sí gbangba: bí òjìji yín bá gùn jù yín lọ, oòrùn náà kò tíì lágbára tó. Bó bá kúrú jù yín lọ, ó ti tó. Nífẹ̀ àti Iléṣà, nǹkan bí aago 10 àárọ̀ sí aago 3 ọ̀sán nìyẹn, yíká ọdún. (Oòrùn kì í sì í gun àtàrí wa ní aago 12 géérégé bí a ti rò, ó máa ń tó nǹkan bí aago 12 kọjá ogójì ìṣẹ́jú.)

Ẹ ká apá aṣọ dé ìgúnpá, kí ẹ ká ṣòkòtò tàbí ìró dé orúnkún. Ojú nìkan kò tó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀. Awọ dúdú ń dáàbò bo ara, ohun kan náà tó fi ń dáàbò bò ó ló sì ń fa ṣíṣe fítámì D sẹ́yìn, ìdí nìyí tí ìṣẹ́jú tí àwọn òyìnbó ń kọ fún ara wọn kì í fi tó wa. Ẹ má wá torí èyí jókòó sínú oòrùn di ìrọ̀lẹ́ o. Bó bá pẹ́ díẹ̀, awọ fúnra rẹ̀ á máa ba èyí tó ṣẹ́kù jẹ́, ìyókù á wá di iná lásán. Nígbà ọyẹ́, eruku máa ń dín UVB kù. Nígbà òjò, ìkùukùu tó ki ń ṣe bákan náà, torí náà ẹ fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kún un.

Obìnrin tó ń lo híjáàbù, tàbí tí kò fẹ́ ṣí ara nígboro, lè lo ẹ̀yìnkùlé tí ògiri yí ká tàbí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Kó ṣáà rí i pé oòrùn bà sí i lára ní tààrà, kó má jẹ́ abẹ́ òrùlé.

Àwọn àfín kò sí nínú ètò yìí rárá. Awọ wọn tètè ń ṣe fítámì D, àmọ́ ó tètè ń jó, àrùn jẹjẹrẹ awọ sì ń ṣọ́ wọn. Kí wọ́n máa dé fìlà tí etí rẹ̀ gbòòrò, kí wọ́n máa wọ aṣọ alápá gígùn, kí wọ́n sì gba fítámì D nínú oúnjẹ tàbí oògùn.

Ọmọ ọwọ́

Omi ọmú kò ní fítámì D púpọ̀, bó ti wù kí ìyá jẹun tó. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan nílò 400 IU lójúmọ́ (IU ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn fítámì). A kì í sì í tẹ́ ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà sínú oòrùn ọ̀sán, nítorí náà oògùn ẹ̀kán ló dára jù fún un. Ibí ni àṣìṣe ti máa ń wọlé. Oògùn kan wà tí ẹ̀kán kan péré nínú rẹ̀ jẹ́ 400 IU, òmíràn wà tó jẹ́ pé 1 mL ló tó 400 IU. Ìyá tó bá fi 1 mL ti àkọ́kọ́ wọ̀n ọ́n á fún ọmọ ní ìlọ́po ọgbọ̀n tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ka ara páálí, ẹ má sì fi ohun tí wọ́n fi ń fa oògùn kan fa òmíràn.

Ọmọ tó ti ń rìn

Ẹsẹ̀ tó tẹ̀ bí ọrun kí ọmọ tó pé ọdún méjì lè má jẹ́ àrùn. Ti ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń rí bẹ́ẹ̀, a sì máa tọ́ fúnra rẹ̀. Ohun tó yẹ kó ta yín jí ni ẹsẹ̀ tó túbọ̀ ń tẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì, tàbí tí ọ̀kan tẹ̀ ju èkejì lọ, ọrùn ọwọ́ tó wú bí ẹni wọ ẹ̀gbà, àwùjẹ̀ tí kò tíì dí lẹ́yìn oṣù 18, àti ọmọ tó ti ń sáré tẹ́lẹ̀ tó wá ń ní kí wọ́n gbé òun. Ẹ gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn OAUTHC Ifẹ̀ tàbí Wesley Guild Iléṣà. Wọn á ya fọ́tò eegun ọrùn ọwọ́ àti orúnkún, wọn á sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ẹ mú káàdì ìwọ̀n ọmọ dání. Agbègbè wa yìí náà ni káàdì yẹn ti gbilẹ̀: Dókítà David Morley ló gbé e kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Wesley Guild àti Ìmẹ̀sí-Ilé. Ó wá ku àwa tó ń tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Fítámì D nìkan kì í sábà wo àrùn eegun rírọ̀ ọmọdé yìí (rickets) sàn lọ́dọ̀ wa. Ìwádìí kan tó jáde ní 1999 tẹ̀ lé ọmọ 123 tó ní àrùn náà ní Jos. Kálísíọ̀mù tí àwọn ọmọ náà ń rí jẹ lójúmọ́ kò ju nǹkan bí 200 mg lọ. Àwọn tí wọ́n fún ní kálísíọ̀mù, yálà òun nìkan tàbí òun pẹ̀lú fítámì D, sàn ju àwọn tó gba fítámì D nìkan lọ. Ọmọ ọdún 1 sí 3 nílò 700 mg kálísíọ̀mù lójúmọ́, ti ọdún 4 sí 8 nílò 1000 mg. Ògì lásán kò lè gbé ọmọ débẹ̀.

Bí owó mílíìkì kò bá sí, ẹja kéékèèké tí à ń jẹ teegun teegun wà. Ẹ ra èyí tí kò níyọ̀. Ẹ fi omi gbígbóná ṣan yanrìn ara rẹ̀, kí ẹ sá a kó gbẹ dáadáa, kí ẹ sì yan án nínú ìkòkò gbígbẹ títí á fi máa rún lọ́wọ́. Ẹ lọ òun àti eegun rẹ̀ pọ̀, ẹ má wulẹ̀ ṣẹ́ orí jù nù. Lẹ́yìn náà ẹ fi asẹ́ kíkúnná jọ̀ ọ́ kí eegun má bàa há ọmọ lọ́fun. Ṣíbí kékeré kan tàbí méjì lẹ máa pò mọ́ ògì tàbí ọ̀lẹ̀lẹ̀. Bí kò bá gbẹ tó kí ẹ tó lọ̀ ọ́, á bu láàárín ọjọ́ mélòó kan. Bó bá ti ń rùn kíkan, ẹ dà á nù. Wàrà náà dára. Gbúre ní kálísíọ̀mù o, àmọ́ ohun mìíràn wà nínú rẹ̀ tó ń dè é mọ́lẹ̀, ara kì í rí púpọ̀ gbà níbẹ̀.

Láti ọ̀dọ́ dé àádọ́rin ọdún

600 IU lójúmọ́ ló tó, aláboyún náà wà níbẹ̀. Fólíkì àti oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pín fún aláboyún kì í ṣe fítámì D. Nínú oúnjẹ, ẹja ọlọ́ràá ló ṣíwájú: ṣáwá, títù, sàdíìnì. Ẹ fi se ọbẹ̀, torí dídín nínú òróró máa ń dín fítámì náà kù. Pupa ẹyin ní díẹ̀.

Arúgbó

Ẹni tó ti lé ní 70 ọdún nílò 800 IU, torí awọ tó ti darúgbó kì í lè ṣe tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, bó tilẹ̀ ń yá oòrùn. Gbogbo ìrora eegun kọ́ ni làkúrègbé. Bí màmá bá ń fi ọwọ́ ti itan kí wọ́n tó lè dìde lórí àga, tí àtẹ̀gùn ń le fún wọn, tí ojúgun ń dùn wọ́n bí a bá tẹ̀ ẹ́, ẹ yẹ fítámì D wọn wò kí ẹ tó tún ra oògùn ìrora.

Àyẹ̀wò àti oògùn

Orúkọ àyẹ̀wò náà ni 25-hydroxyvitamin D. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, torí òmíràn wà tó ń jẹ́ 1,25-dihydroxy tó lè pé geere nígbà tí fítámì D ti gbẹ lára. Bí èsì bá wà ní ng/mL, 20 sókè tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìsàlẹ̀ 12 sì burú. Bó bá jẹ́ nmol/L, ẹ fi 2.5 pín in kí ẹ tó fi wéra: 45 nmol/L kì í ṣe ohun ayọ̀, 18 ng/mL ni.

Bí páálí oògùn bá kọ mcg, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 40 láti rí IU: 15 mcg jẹ́ 600 IU. Àgbàlagbà kò gbọ́dọ̀ kọjá 4000 IU lójúmọ́ láìjẹ́ pé dókítà ló ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Kápúsù 50,000 IU tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísìtì, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni dókítà máa ń kọ ọ́. Ẹni tó bá ń lò ó lójoojúmọ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bì, kí òùngbẹ máa gbẹ ẹ́ lódìlódì, kí ìgbẹ́ le, kí òkúta sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá jọ nínú kíndìnrín. Ẹ máa lo oògùn fítámì D pẹ̀lú oúnjẹ tó ní epo, ẹ̀kọ lásán kò gbà á dáadáa.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ tún un yẹ̀ wò ní láàbù kan náà. Bí kò bá gòkè, ẹ sọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò fún dókítà: àwọn oògùn wárápá bíi phenytoin àti carbamazepine, àti rifampicin tí wọ́n fi ń wo ikọ́ ẹ̀gbẹ, máa ń mú kí ara tètè sun fítámì D dànù, a sì lè ní láti fi kún ìwọ̀n rẹ̀.