Ẹ fẹ́ mú ìyàwó tuntun àti ọmọ tó ti bí tẹ́lẹ̀ lọ sí Kánádà? Orí ọmọ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tẹ́ ẹ ti gba résidence permanente (ìwé àṣẹ láti máa gbé títí lọ) ní Kánádà, tẹ́ ẹ wá sílé wá gbéyàwó, tí ìyàwó náà sì ti bí ọmọ kan tàbí méjì kó tó pàdé yín, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀, àtẹ̀yin ìyàwó tẹ́ ẹ wà nílé tẹ́ ẹ ń dúró. Tó bá jẹ́ ìyàwó ló wà lọ́hùn-ún tí ọkọ wà nílé, bákan náà ni. Ohun tí mo máa ń rí ni pé ìwé ìgbéyàwó ni gbogbo èèyàn ń lé kiri, wọ́n á fi ti ọmọ sẹ́yìn, wọ́n á ní ṣebí ọmọ á tẹ̀ lé ìyá ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìwé ọmọ ló máa ń le jù, òun ló máa ń pẹ́ jù, torí ẹnì kan wà tí ò sí nínú ìgbéyàwó yín rárá tó jẹ́ pé àfi kó fọwọ́ síwèé: bàbá ọmọ.

Àmọ́ kẹ́ ẹ tó náwó kankan, ẹ kọ́kọ́ wo ara yín ná, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe onídùúró, ìyẹn ẹni tó ń mú ẹbí ẹ̀ wọ Kánádà, tó sì ń dúró fún wọn lọ́dọ̀ ìjọba. Ẹ gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 18, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ máa gba owó ìrànwọ́ (aide sociale) lọ́wọ́ ìjọba àfi tó bá jẹ́ torí àìlera. Inú Kánádà lẹ gbọ́dọ̀ máa gbé títí dósíè á fi parí, sitọyẹ́n (ẹni tó ti di ọmọ ilẹ̀ Kánádà) lè ṣe é látìta ṣùgbọ́n résident permanent ò lè ṣe é, nítorí náà ẹni tó bá ní òun á wá jókòó ti ìyàwó lÁjàṣẹ́ títí fíísà á fi jáde, ó ń fọwọ́ ara ẹ̀ ba iṣẹ́ jẹ́ nìyẹn. Kẹ́ ẹ wá kí wọn fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ò burú. Tó bá jẹ́ pé ìyàwó tàbí ọkọ àárọ̀ yín ló ṣe onídùúró fún ẹ̀yin náà kẹ́ ẹ tó wọ Kánádà, ọdún 5 gbọ́dọ̀ ti pé tẹ́ ẹ ti di résident kẹ́ ẹ tó lè mú ẹlòmíì wọlé. Tó bá sì jẹ́ ẹ̀yin lẹ ti mú ẹnì kan wọlé rí tẹ́ ẹ sì ti kọ ara yín, ọdún 3 gbọ́dọ̀ ti pé látọjọ́ tónítọ̀hún ti di résident.

Owó oṣù ńkọ́? Èyí ló máa ń já àwọn èèyàn láyà jù, bẹ́ẹ̀ kò sí iye kan pàtó tí Kánádà ní kẹ́ ẹ máa gbà kẹ́ ẹ tó mú ìyàwó àti ọmọ wá, àfi tí ọmọ yẹn fúnra ẹ̀ bá ti bímọ. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ rò dáadáa ni ìdúró yẹn gan-an. Ọdún 3 lẹ máa fi dúró fún ìyàwó, ti ọmọ jẹ́ ọdún 10 tàbí títí á fi pé ọmọ ọdún 25, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ dé (Québec, ìpínlẹ̀ tí Montréal wà, ní ìṣirò tiẹ̀ fún ti ọmọ). Bẹ́ ẹ bá jà, bẹ́ ẹ bá kọ ara yín, bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ yín, ìdúró yẹn ṣì wà lọ́rùn yín, ìjọba á sì ní kẹ́ ẹ san owó tí wọ́n bá fi ràn wọ́n lọ́wọ́ padà. Ẹ jẹ́ kí ọkàn yín gba ọmọ yẹn kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ìdána dáa, yìgì dáa, ṣọ́ọ̀ṣì dáa, ṣùgbọ́n òfin Code des personnes et de la famille ti 2004 nílé wa níbí, ìgbéyàwó tí wọ́n bá ṣe ní mérì (ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀) nìkan ló mọ̀, ẹ lọ mérì. Ẹ̀yin méjèèjì sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ yín. Látọjọ́ 11 oṣù kẹfà 2015 ni Kánádà ò ti gba ìgbéyàwó tí wọ́n fi ẹlòmíì rọ́pò ọkọ, tàbí tí ọkọ wà lórí WhatsApp tí àwọn àgbà ń so yìgì nílé. Ẹni tó bá ti ní ìyàwó kan tẹ́lẹ̀ tí wọn ò tíì kọ ara wọn nílé ẹjọ́, Kánádà ò ní ka ti ìkejì sí.

Ó wá ku ọmọ. Ọmọ tí wọ́n máa gbà ni ọmọ tí ìyàwó yín bí tàbí tó gbà tọ́ lábẹ́ òfin, tí ò tíì pé ọdún 22, tí ò tíì ní ọkọ tàbí ìyàwó. Ọjọ́ tí dósíè tó pé pérépéré bá dé ọwọ́ wọn ni wọ́n máa fi ka ọjọ́ orí ẹ̀, tó bá ti bọ́ síbẹ̀ kò léwu mọ́ bó tiẹ̀ pé 22 lẹ́yìn náà. Ẹ wá rí i pé tọ́mọ bá ti ń sún mọ́ ọdún yẹn, kò sáyè pé à ń dúró de ìnáwó ńlá.

Tí ọmọ ò bá tíì pé 18, bàbá ẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù IMM 5604 pé òun gbà kọ́mọ bá ìyá ẹ̀ lọ, kó sì fi ẹ̀dà ìwé ìdánimọ̀ ẹ̀ tì í. Tí bàbá bá ti kú, ẹ wá acte de décès, ìwé ẹ̀rí ikú ẹ̀. Tí wọn ò bá mọ ibi tó wà mọ́, tàbí tó kọ̀ jálẹ̀, tribunal, ilé ẹjọ́, ló kù, ẹ lọ gba ìdájọ́ tó fún ìyá ní àṣẹ lórí ọmọ, èyí sì lè gba oṣù púpọ̀, ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rán ọkọ tuntun lọ bá bàbá ọmọ. Kí àwọn àgbà ẹbí ìyàwó lọ bá àwọn àgbà ẹbí bàbá, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ohun tó máa ń wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ bàbá ni pé wọ́n fẹ́ gba ọmọ mọ́ òun lọ́wọ́, pé orúkọ òun á parẹ́. Ẹ ṣàlàyé fún un pé ìwé yẹn ò yí orúkọ ọmọ padà, kò sì sọ pé òun kọ́ ni bàbá mọ́, ẹ sì ṣèlérí pé ọmọ á máa pè é, kẹ́ ẹ mú un ṣẹ.

Èyí tó tún ṣe pàtàkì jù: gbogbo ọmọ tí ìyàwó bí ló gbọ́dọ̀ kọ sínú fọ́ọ̀mù, àtèyí tó wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Ṣábẹ̀ẹ́, àtèyí tí bàbá ẹ̀ ní kò níí lọ, àtèyí tí ẹbí ọkọ ò tíì gbọ́ nípa ẹ̀. Gbogbo èyí tí ò tíì pé 22, tí ò tíì ní ọkọ tàbí ìyàwó nínú wọn, ló máa ṣe àyẹ̀wò dókítà bí wọn ò tiẹ̀ lọ. Ọmọ tí ẹ bá fi pamọ́ lónìí, ilẹ̀kùn ti lè tì mọ́ ọn nìyẹn lọ́jọ́ tí ìyá bá fẹ́ padà wá mú un. Mo mọ̀ pé ìtìjú wà níbẹ̀ fún obìnrin, ṣùgbọ́n kó sọ fún ọkọ ẹ̀ kó tó dé fọ́ọ̀mù. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ àbúrò tẹ́ ẹ ń tọ́ nílé ńkọ́? Àfi tí ìwé ìgbàtọ́ ilé ẹjọ́ bá wà, wọn ò lè bá a lọ. Ẹ má kọ ọ́ pé ìyàwó ló bí i, wọ́n lè ní kẹ́ ẹ ṣe DNA, irọ́ sì lè mú kí wọ́n lé yín sẹ́yìn fún ọdún 5.

Ìwé ilé wa: ẹ gba acte de naissance (ìwé ọjọ́ ìbí) tuntun ti ANIP, àjọ ìdánimọ̀ ìjọba Bẹ̀nẹ̀, fún ìyá àtọmọ, ẹ gba pásípọ́ọ̀tì, ẹ gba casier judiciaire (ìwé pé èèyàn ò ní ẹ̀sùn ọ̀daràn) fún gbogbo ẹni tó bá ti pé 18. Ẹni tó bá ti gbé Nàìjíríà fún oṣù 6 léraléra lẹ́yìn tó pé 18, ẹ̀yin ará Kétu ẹ gbọ́ o, wọ́n lè ní kó mú irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá látọ̀dọ̀ ọlọ́pàá tọ̀hún náà. Ẹ wá wo orúkọ dáadáa, torí lọ́dọ̀ wa wọ́n lè kọ Adéchina síwèé Bẹ̀nẹ̀ kí wọ́n kọ Adesina síwèé Nàìjíríà, kí ti ilé ìwé ọmọ tún yàtọ̀. Ẹ tún un ṣe kó tó lọ, èyí tí ò bá ṣeé tún ṣe kẹ́ ẹ kọ lẹ́tà ṣàlàyé. Ohun tó dùn mọ́ mi fún wa ni pé ìwé tó wà ní Faransé ò nílò ìtumọ̀.

Fọ́ọ̀mù ọ̀fẹ́ ni, orí íntánẹ́ẹ̀tì ìjọba Kánádà ló wà. IMM 1344 ni ti onídùúró, IMM 0008, 5669 àti 5406 ni ti ẹni tó ń bọ̀, IMM 5532 ló ń bi yín léèrè bẹ́ ẹ ṣe pàdé. Nínú 5669, ẹ má fi oṣù kankan sílẹ̀ lófìfo, bí ẹ ò bá ṣiṣẹ́, ẹ kọ pé ẹ ò ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbowó lọ́wọ́ yín láti dúró fún yín gbọ́dọ̀ jẹ́ lọ́yà, nọtéè Québec tàbí consultant tó ní àṣẹ Kánádà. Àwọn tí wọ́n ń na ìwé kiri ní Kútọnu pé àwọn mọ ẹnì kan ní ambasáàdì, ẹ sá fún wọn. Owó tí wọ́n gbé jáde ní oṣù kẹrin 2024 jẹ́ 1205 dọ́là Kánádà fún ìyàwó, 175 lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, àti 85 fún ìtẹ̀ka ẹni tó bá ti pé ọdún 14; ẹ wo iye tuntun lójú òpó wọn lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ san án.

Fún ẹ̀rí ìfẹ́, ẹ kó fọ́tò, ẹ̀rí ìpè, ẹ̀rí owó tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ọmọ níbẹ̀ náà: owó ilé ìwé tẹ́ ẹ san, fọ́tò ẹ̀yin àtọmọ, ohùn ẹ̀ lórí WhatsApp. Tọ́mọ bá ní SS (àìsàn inú ẹ̀jẹ̀) tàbí àìsàn mìíràn tó ń náni lówó, ẹ má bẹ̀rù, wọn ò lè torí owó ìwòsàn kọ ìyàwó tàbí ọmọ tẹ́ ẹ ṣe onídùúró fún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé Montréal, Québec náà gbọ́dọ̀ gba ìdúró yín lọ́tọ̀ lẹ́yìn ti Kánádà, wọ́n sì fi òdiwọ̀n sí i, dósíè 13,000 péré fún gbogbo irú ìdúró ẹbí lápapọ̀ ni wọ́n ní àwọn máa gbà láàárín 26 oṣù kẹfà 2024 sí 25 oṣù kẹfà 2026. Kẹ́ ẹ tó san owó, ẹ lọ wo ohun tí wọ́n ń sọ báyìí.

Tí ìwé bá ti jáde, ọmọ ò gbọ́dọ̀ ṣáájú ìyá ẹ̀ wọ Kánádà, àjọlọ ni tàbí kí ìyá kọ́kọ́ dé. Tí ìyàwó bá sì bímọ mìíràn nígbà tẹ́ ẹ ṣì ń dúró, tàbí ọmọ àgbà nínú wọn gbéyàwó, ẹ kọ̀wé sí wọn kíá, kí ẹnikẹ́ni tó wọ ọkọ̀ òfuurufú.